Skimmer tó ń họnrun ju ọkọ lọ: ẹ béèrè, ká dáhùn lórí táǹkì ẹja òkun

Látìgbà tá a ti sọ̀rọ̀ nípa sísin ẹja òkun nínú ilé, ọ̀rọ̀ ariwo lẹ ń kọ ránṣẹ́ sí wa jù. Ẹ jẹ́ ká mú mẹ́ta nínú ẹ̀ lónìí.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀gbọ́n wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sọ́rọ̀ yìí kó tó di ìjà. Ọkọ mi ra táǹkì ẹja olómi iyọ̀ lọ́dún tó kọjá, lítà 240, ó gbé e sí pálọ̀ flat wa ní Woolwich níbí, ògiri kan ṣoṣo ló sì wà láàárín táǹkì yẹn àti yàrá tá à ń sùn, ògiri ọ̀hún gan-an pátákó ni, kì í ṣe bíríkì. Mi ò kórìíra ẹja o, ó rẹwà, àwọn ọmọ fẹ́ràn ẹ̀, clownfish méjì ló wà níbẹ̀ àti àwọn coral rírọ̀ tó ń mì lẹ̀gẹ̀lẹ̀gẹ̀. Ibi tó ti dùn mí ni ẹ̀rọ kan tó wà nísàlẹ̀ nínú kọ́bọ́ọ̀dù tó ń pè ní protein skimmer. Tọ̀sán-tòru ló ń ké. Á dún ṣìììì, á tún máa kùn yùn-ùn, nígbà míì á wá ṣe gbọ̀lọ́gbọ̀lọ́. Mo ní kó máa pa á lálẹ́, ó lẹ́ja á kú. Mo ti ń tọ́jú owó díẹ̀díẹ̀ láti fi ra èyí tí kì í pariwo fún un lọ́jọ́ ìbí ẹ̀, àmọ́ bí mo ṣe wo orí íntánẹ́ẹ̀tì báyìí ojú mi pòòyì, gbogbo wọn ló kọ ọ́ sára páálí pé àwọn ò ní ariwo. Èwo ni kí n rà? Ṣé òótọ́ sì ni pé kò ṣeé pa lálẹ́?

Èmi, ẹni tí kì í rí oorun sùn, Woolwich

ÌDÁHÙN

Ẹ kú ìfaradà, ìyá àwọn ọmọ. Ẹ má tíì náwó yẹn o. Mo mọ̀ pé èwo ni kí ẹ rà lẹ bi mí, màá dé bẹ̀, àmọ́ ọ̀pọ̀ àwọn tó ń pààrọ̀ skimmer torí ariwo, wọ́n á ra tuntun olówó gọbọi tán, wọ́n á gbé e sínú kọ́bọ́ọ̀dù kan náà, ariwo á sì tún wà níbẹ̀ bó ṣe wà, torí pé kì í ṣe skimmer yẹn gan-an ló ń pariwo, tàbí kó jẹ́ pé apá kan lára ẹ̀ ni, èyí tí rọ́bà àti fóòmù pẹ́npẹ́ lè pa lẹ́nu mọ́.

Ẹ jẹ́ n sọ iṣẹ́ ẹ̀ ní ṣókí torí inú iṣẹ́ yẹn lariwo ti ń jáde. Ẹja ń jẹun, ẹja ń yàgbẹ́, oúnjẹ tó ṣẹ́kù ń jẹrà, gbogbo ẹ̀ ló ń tú sínú omi. Skimmer á fa omi yẹn wọlé pẹ̀lú afẹ́fẹ́, inú páǹpù ẹ̀ ni nǹkan róbótó kan wà tó kún fún ẹ̀gún ṣóńṣó ṣóńṣó, needle wheel ni wọ́n ń pè é, òun ló máa ń gé afẹ́fẹ́ yẹn sí wẹ́wẹ́, wínníwínní tí ọ̀pọ̀ ò tó mìlímítà kan. Ìdọ̀tí tó lọ́ràá àti purotéènì tó tú sómi fẹ́ràn kó lẹ̀ mọ́ ara afẹ́fẹ́ ju kó wà láàárín omi lọ, tí afẹ́fẹ́ bá ń gòkè òun náà á bá a gòkè, ó di ìfófó, ìfófó á gun ọrùn skimmer díẹ̀díẹ̀ títí á fi ya sínú ife tó wà lókè. Ẹ bá mi wo inú ife yẹn lọ́jọ́ kan tí ọkọ yín bá fẹ́ dà á nù: ó dúdú, ó ki, òórùn ẹ̀ ò ṣe é fẹnu sọ, gbogbo ìyẹn ni ì bá wà nínú omi tó máa jẹrà di nitrate, ìdọ̀tí tó ń ba omi jẹ́. Omi iyọ̀ nìkan ló sì lè ṣiṣẹ́ yìí dáadáa nínú ilé, torí iyọ̀ kì í jẹ́ kí àwọn wínníwínní afẹ́fẹ́ yẹn tètè pa pọ̀. Nínú omi lásán wọ́n á para pọ̀ di ńlá, wọ́n á bẹ́, ìdí nìyẹn tẹ́ ò fi lè bá skimmer lábẹ́ táǹkì goldfish.

Ẹ ò wá rí i pé afẹ́fẹ́, páǹpù àti omi tó ń ṣàn ló wà níbẹ̀, ohùn kálukú wọn ò sì jọra. Ohùn mẹ́ta tẹ́ ẹ kọ sínú lẹ́tà yín yẹn, ṣìììì, yùn-ùn àti gbọ̀lọ́gbọ̀lọ́, ibi mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń wá, ẹ jẹ́ ká mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Lálẹ́ tí ilé bá ti pa rọ́rọ́ ni kí ẹ ṣe é, kẹ́ ẹ sì jẹ́ kí ọkọ yín wà níbẹ̀.

Ṣìììì yẹn, afẹ́fẹ́ ni. Ẹ wá rọ́bà tẹ́ẹ́rẹ́ tó ń gbé afẹ́fẹ́ wọ skimmer, ẹ fi ìka méjì fún un pọ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mélòó kan. Tí ìró yẹn bá kú lójú ẹsẹ̀, ẹ ti mú olè. Ẹ sì tètè tú u sílẹ̀, ká má lọ dà ìfófó rú. Oògùn ẹ̀ ni sàlẹ́ńsà, ẹ̀yin náà mọ sàlẹ́ńsà ọkọ̀, iṣẹ́ kan náà ló ń ṣe, ike kékeré kan tó ní ihò tàbí fóòmù nínú tí wọ́n máa ń fi sí ẹnu rọ́bà afẹ́fẹ́. Ọ̀pọ̀ skimmer ló máa ń bá a wá nínú páálí, àwọn èèyàn á sì sọ ọ́ nù torí wọn ò mọ ohun tó wà fún, ẹ lọ wo inú páálí àtijọ́ yẹn kẹ́ ẹ tó ra òmíì. Bí kò bá sí, ẹ ra rọ́bà silicone tí ihò ẹ̀ kò kéré sí ti tẹ́lẹ̀, ẹ fà á gùn kí ẹnu ẹ̀ kúrò nínú kọ́bọ́ọ̀dù lọ síbi tétí ò ti ní gbọ́ ọ. Àwọn kan tiẹ̀ ń fà á gba ojú fèrèsé jáde síta, èyí sì ní èrè míì lákòókò òtútù: tí gbogbo fèrèsé bá wà ní títì, èémí gbogbo wa ló ń kún inú ilé, carbon dioxide yẹn náà ni skimmer á máa fà sínú omi, pH á sì máa lọ sílẹ̀, ìyẹn ni pé omi á máa kan, àmọ́ tó bá jẹ́ afẹ́fẹ́ ìta ló ń fà, pH á gòkè díẹ̀. Rọ́bà tó bá gùn jù tí ihò ẹ̀ sì tín-ín-rín máa ń dín afẹ́fẹ́ kù o, ẹ má fà á dé Thamesmead.

Yùn-ùn ti páǹpù ni. Iná Ìlú Ọba, 50 hertz ni, páǹpù AC tó bá ń lo iná yẹn tààrà máa ń kùn nígbà 100 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kò sì sí bẹ́ ẹ ṣe fẹ́ bẹ̀ ẹ́. Àmọ́ ìkùn yẹn fúnra ẹ̀ kì í pọ̀ tó bẹ́ẹ̀ nínú omi, ohun tó bá fara kàn ló ń sọ ọ́ di ńlá. Kí ọkọ yín di ara skimmer yẹn mú lókè, ibi tó gbẹ, kó gbé e kúrò nílẹ̀ sump díẹ̀ péré, ìwọ̀n ìka kan (sump ni táǹkì kejì tó wà nísàlẹ̀ yẹn). Kó má ki ọwọ́ bọ omi nígbà tíná wà lára ẹ̀ o, kí iná táǹkì yín sì wà lórí RCD tó máa já fúnra ẹ̀ bí nǹkan bá ṣẹlẹ̀. Tí ìkùn bá rọlẹ̀ bó ṣe gbé e, a jẹ́ pé ara páǹpù ń gbọ̀n mọ́ gíláàsì, gíláàsì ń gbọ̀n mọ́ kọ́bọ́ọ̀dù, kọ́bọ́ọ̀dù fara ti ògiri, ògiri pátákó tẹ́ ẹ sọ yẹn wá di ìlù gángan mọ́ yín létí. Ẹ fi ìtẹ́lẹ̀ silicone tàbí neoprene rírọ̀ sábẹ́ skimmer, ẹ tún fi òmíì sábẹ́ sump fúnra ẹ̀, ẹ rí i pé páìpù kankan ò kan gíláàsì, ẹ sì fa gbogbo kọ́bọ́ọ̀dù náà kúrò lára ògiri kí ìka bíi mẹ́ta lè kọjá. Táǹkì lítà 240 tó kún fómi ò ṣeé fà lásán ṣá, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá fẹ́ pààrọ̀ omi tó pọ̀ ni kẹ́ ẹ ṣe ìyẹn, kẹ́ ẹ pe ẹni tó lágbára mọ́ra. Owó tó máa lọ sórí gbogbo èyí ò tó nǹkan kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ owó skimmer tuntun.

Gbọ̀lọ́gbọ̀lọ́ wá ńkọ́? Ẹ pa skimmer pátápátá. Ṣé ó ṣì ń dún? Ó dá mi lójú dáadáa pé á ṣì máa dún, torí ìyẹn ò kan skimmer rárá, páìpù tó ń gbé omi látorí táǹkì sọ̀kalẹ̀ wá sínú sump ló ń gbé afẹ́fẹ́ mì pọ̀ mọ́ omi. Ọ̀pọ̀ ni wọ́n á fẹ̀sùn ẹ̀ kan skimmer torí kọ́bọ́ọ̀dù kan náà làwọn méjèèjì wà. Ọkọ yín á mọ̀ ọ́n tẹ́ ẹ bá pe orúkọ Durso, Herbie tàbí BeanAnimal fún un, ọ̀nà mẹ́ta táwọn èèyàn fi ń to páìpù yìí ni. Durso ló rọrùn jù àmọ́ kì í dákẹ́ tó àwọn tó kù. Ti Herbie, páìpù kan máa kún fómi pátá láìsí afẹ́fẹ́ nínú ẹ̀, fáàfù ni wọ́n fi ń ṣe ìwọ̀n ẹ̀, páìpù kejì wà ní sẹpẹ́ tí tàkọ́kọ́ bá dí. Ti BeanAnimal jẹ́ mẹ́ta. Páìpù tó kún fómi láìsí afẹ́fẹ́ kì í sọ̀rọ̀. Ẹ tún wo ẹnu ibi tí omi ti ń jáde lára skimmer padà sínú sump, tó bá ń já bọ́ látòkè á máa ṣe ṣọ̀rọ̀ṣọ̀rọ̀, ẹ fi ìgbọ̀nwọ́ páìpù rì í sábẹ́ omi díẹ̀.

Ẹ ti ṣe gbogbo ìyẹn tán, ẹ ṣì ń gbọ́ yùn-ùn? Ó yá, ẹ jẹ́ ká lọ ra ọjà.

Ohun tí mo fẹ́ kẹ́ ẹ kọ́kọ́ yẹ̀ wò ni iye ẹja. Clownfish méjì nínú lítà 240, ìyẹn ò pọ̀ rárá, coral rírọ̀ náà kì í sì í ṣe alákatakítí, ìdọ̀tí díẹ̀ nínú omi ò ṣe é ní nǹkan, àwọn coral líle bíi Acropora ló ń fẹ́ omi tó mọ́ gaara. Ẹlòmíì á tiẹ̀ ní kẹ́ ẹ yọ skimmer kúrò pátápátá, kẹ́ ẹ máa pààrọ̀ omi ìdá mẹ́wàá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, àwọn tí táǹkì wọn ò tó lítà 100 ń ṣe bẹ́ẹ̀, ó sì ń lọ. Mi ò ní gbà yín nímọ̀ràn ìyẹn lọ́jọ́ ìbí ọkùnrin. Àmọ́ ó túmọ̀ sí pé skimmer kékeré tó fún un, èyí tí wọ́n bá kọ lítà 250 tàbí 300 sí lára. Àwọn ọkùnrin máa ń fẹ́ ra èyí tí wọ́n kọ lítà 600 sí, wọ́n á ní ńlá ló dáa. Kò rí bẹ́ẹ̀ níbi tá à ń wí yìí. Skimmer tó tóbi ju ìdọ̀tí inú omi lọ, ìfófó ẹ̀ ò ní dúró, á gòkè, á tún wó lulẹ̀, bẹ́ẹ̀ ńlá sì ń fa afẹ́fẹ́ púpọ̀, afẹ́fẹ́ púpọ̀ lariwo púpọ̀. Tí ẹja bá pọ̀, ìgbà yẹn lẹ máa wá mú iye lítà tí ilé iṣẹ́ kọ, kẹ́ ẹ dín in kù bíi ìdajì, torí táǹkì tẹ́ja ò pọ̀ nínú ẹ̀ ni wọ́n sábà máa ń fi ṣírò.

Lẹ́yìn ìyẹn ni páǹpù. AC ló wọ́pọ̀ tówó ẹ̀ sì kéré, eré kan náà ló ń sá láti àárọ̀ dalẹ́. DC ní àpótí kékeré tó ń darí ẹ̀, 24 volt ló sábà máa ń lò, ẹ lè tẹ bọ́tìnì kó rọra, kì í sì í ní ìkùn iná ilé yẹn. Fún ẹni tó ń sùn lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri pátákó, DC ni màá mú. Ṣùgbọ́n kì í ṣe gbogbo DC náà ló dákẹ́ o, àwọn olówó pọ́ọ́kú míì wà tí àpótí ìdarí wọn máa ń fọhùn wíínwíín bí ẹ bá dín eré wọn kù, ohùn tín-ín-rín yẹn sì burú ju ìkùn lọ fẹ́lòmíì, pàápàá àwọn ọmọdé tí etí wọn ṣì mú. Ẹ ra á níbi tí wọ́n á ti gbà á padà.

Ẹ mú rúlà dání. Mo bẹ̀ yín, kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ wọn bí omi ṣe ga tó nínú yàrá sump tí skimmer máa wà, torí ọ̀pọ̀ skimmer inú sump ló ń fẹ́ kí omi ga tó bíi sẹ̀ǹtímítà 18 sí 22, iye tó bá ẹyọ kọ̀ọ̀kan mu máa wà nínú ìwé ẹ̀. Tí omi bá kéré jù á máa ta, á máa gbó, tó bá jìn jù ife á máa kún àkúnwọ́sílẹ̀. Bí sump bá jìn, wọ́n máa ń gbé skimmer ka orí ike. Tí omi yàrá yẹn bá ń gòkè tó ń sọ̀ nítorí pé ó ń gbẹ, ohùn skimmer náà á máa yí padà lójoojúmọ́, ẹ̀rọ tó ń fi omi kún un fúnra ẹ̀ dáa púpọ̀ níbẹ̀. Ẹ tún wọn bí kọ́bọ́ọ̀dù ṣe ga, ife gbọ́dọ̀ lè jáde láìkọ́ pátákó òkè, èyí tí ò bá rọrùn láti yọ ọkọ yín ò ní í fọ̀, èyí tí ò bá fọ̀ kò ní í pẹ́ pariwo.

Ní ti orúkọ, mi ò bá ẹnikẹ́ni tajà. Tunze ará Jámánì ní Comline 9004 tí wọ́n ṣe fún táǹkì tí kò ju lítà 250 lọ, kékeré ni, ó lè wà nínú táǹkì tàbí nínú sump, àwọn tó ń lò ó ò sábà ráhùn ariwo, òun ni mo fi ọkàn sí fún yín. Nyos àti Deltec, ará Jámánì ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ náà, iṣẹ́ wọn gún régé, owó wọn náà sì gún. Bubble Magus àti Reef Octopus láti Ṣáínà ló pọ̀ lọ́wọ́ àwọn èèyàn tó fẹ́ ṣọ́ owó ná. Ẹ máa wo irú páǹpù tó wà nínú wọn, bí ẹ bá rí Sicce, ti ilé iṣẹ́ Ítálì, lára skimmer ilé iṣẹ́ míì, ó sábà máa ń jẹ́ àmì tó dáa. Ju gbogbo ẹ̀ lọ, ẹ béèrè bóyá wọ́n ń ta needle wheel ẹ̀ lọ́tọ̀ ní ìlú tẹ́ ẹ wà, torí òun ló máa kọ́kọ́ gbó.

Ẹ má jẹ́ kí nọ́ńbà decibel, ìwọ̀n ariwo, tí wọ́n kọ sára páálí kó yín láyà jẹ. Yàrá tó dákẹ́ lóru máa ń wà ní nǹkan bíi 30, tí 10 bá kún un etí wa máa ń gbọ́ ọ bíi pé ó di ìlọ́po méjì, àmọ́ tí wọn ò bá sọ bí ẹni tó wọ̀n ọ́n ṣe jìnnà tó, nọ́ńbà yẹn ò wúlò. Ẹ gbé fóònù yín síbi tẹ́ ẹ máa ń gbé orí sí, ẹ fi app wọ̀n ọ́n kẹ́ ẹ tó ṣàtúnṣe àti lẹ́yìn tẹ́ ẹ ṣe tán. Àwọn app yẹn ò péye tó bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n fóònù kan náà níbì kan náà á sọ fún yín bóyá ó ń dín kù.

Ó wá ku ọ̀rọ̀ pípa á lálẹ́. Ọkọ yín ò parọ́ pátápátá, ó kàn fẹjú ọ̀rọ̀ díẹ̀ ni. Ẹja ò ní kú lóru ọjọ́ kan. Àmọ́ tí iná táǹkì bá ti kú, coral ò ṣe oxygen mọ́, gbogbo ohun tó wà nínú omi ló ń mí, oxygen ń dín, pH ń lọ sílẹ̀ títí ilẹ̀ á fi mọ́, ìgbà yẹn gan-an sì ni afẹ́fẹ́ tí skimmer ń fà wúlò jù. Tẹ́ ẹ bá máa pa á, kí páǹpù tó ń mi omi inú táǹkì kọjú sókè kí ojú omi máa ru. Wàhálà tó wà níbẹ̀ ni àárọ̀: ìdọ̀tí tó ti gun ọrùn á ti sọ̀ padà, ìfófó á ṣe ségesège, ife lè kún kó dà sórí kápẹ́ẹ̀tì. Ẹ pa á lálẹ́ tí àlejò bá sùn sí pálọ̀, ẹ má sọ ọ́ dàṣà. Bẹ́ ẹ bá sì lọ DC, ẹ lè dín eré ẹ̀ kù díẹ̀ títí lọ kó wà bẹ́ẹ̀ tọ̀sán-tòru, ìyẹn sàn ju kẹ́ ẹ máa yí i padà yí i bọ̀ lọ, torí gbogbo ìgbà tẹ́ ẹ bá yí eré ẹ̀ padà ni omi inú ẹ̀ máa ń wá ibi tó máa dúró sí.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ̀gbọ́n, mo kí yín láti Gbàgádà. Táǹkì mi lítà 400 ni, ẹja mẹ́jọ. Ẹ̀gbọ́n mi ń bọ̀ láti Houston ní oṣù Kejìlá, ó ní òun lè bá mi gbé skimmer kan tó dákẹ́ wá nínú ẹrù òun, ó wà lọ́jà níbẹ̀, wọ́n sì ń ta á ní ẹ̀dínwó. Ṣé kí n ní kó rà á? Inverter ni mò ń lò bí NEPA bá mú iná lọ, tíná bá sì dé padà skimmer tí mo ní báyìí máa ń ya wèrè, ife á kún, ilẹ̀ á tutù.

Olómi iyọ̀ ní Gbàgádà

ÌDÁHÙN

Ẹ ní kí ẹ̀gbọ́n yín ya àwòrán ẹ̀yìn àpótí iná skimmer náà ránṣẹ́ sí yín kó tó rà á. Tó bá jẹ́ AC, 120 volt àti 60 hertz ni wọ́n máa kọ síbẹ̀, tẹ́ ẹ bá kì í bọ sọ́kẹ́ẹ̀tì Nàìjíríà, lójú ẹsẹ̀ ló máa kú. Ẹlòmíì á ní òun á fi tiransífọ́mà sí i, tiransífọ́mà á mú volt sọ̀ lóòótọ́ àmọ́ kò lè sọ 50 hertz tiwa di 60, nítorí náà páǹpù tó ń yí 3,600 ìgbà ní ìṣẹ́jú kan ní Houston á máa yí 3,000 ní Gbàgádà, afẹ́fẹ́ ẹ̀ á dín, ìfófó ò ní tó nǹkan. Tó bá jẹ́ DC tí wọ́n kọ 100-240 volt, 50/60 hertz sára adaptor ẹ̀, kó rà á kíákíá, ẹnu púlọ́ọ̀gì nìkan lẹ máa pààrọ̀.

Inverter yín náà wà lára ariwo o. Àwọn inverter tówó wọn kéré jù nínú ọjà, iná tí wọ́n ń mú jáde ò rí wọ́rọ́wọ́rọ́ bíi ti NEPA, modified sine wave ni wọ́n máa ń kọ sí i lára, páǹpù AC tó bá ń lò ó á máa kùn kíkankíkan, á tún máa gbóná. Tí skimmer yín bá dákẹ́ nígbà tí iná NEPA wà tó sì ń ké nígbà tí inverter bá gbà á, ẹ má bínú sí skimmer. Pure sine wave ni kẹ́ ẹ wá. DC kì í sábà ní ìṣòro yẹn, wáàtì tó ń jẹ náà sì máa ń kéré, bátìrì yín á dúpẹ́.

Ní ti ife tó ń kún, ohun tó ń ṣẹlẹ̀ ni pé bí iná bá lọ, omi táǹkì òkè á sọ̀kalẹ̀ sínú sump, omi tó yí skimmer ká á ga ju bó ṣe yẹ lọ, tíná bá dé lójijì skimmer á bẹ̀rẹ̀ nínú omi tó jìn jù. Kẹ́ ẹ jẹ́ kí páǹpù ńlá tó ń dá omi padà sókè kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ìṣẹ́jú márùn-ún sí mẹ́wàá kí skimmer tó tàn. Àwọn DC kan lè dúró dè é fúnra wọn, tí kò bá lè ṣe é, ẹ wá súwíìṣì tó ń pẹ́ kó tó tàn, àwọn tó ń ta ohun èlò fíríìjì ní in lọ́wọ́, torí fíríìjì náà nílò ẹ̀ lọ́wọ́ NEPA. Èyí tó lè kọ ìṣẹ́jú sí lára ni kẹ́ ẹ mú.

Ohun kan tẹ́ ẹ ò béèrè: tíná bá lọ tí bátìrì ò sì pọ̀, ẹ má fún skimmer ní iná kọ́kọ́. Páǹpù tó ń mi omi ni kẹ́ ẹ fún, ẹja mẹ́jọ á tètè mí oxygen inú omi tán ju bí ìdọ̀tí ṣe máa pa wọ́n lọ. Bẹ́ ẹ bá sì ní chiller, ẹ̀rọ tó ń mú omi tutù, nítorí ooru ibẹ̀ yẹn, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má náwó sórí skimmer olóhùn jẹ́jẹ́ rárá, ariwo chiller á bo tiẹ̀ mọ́lẹ̀, ká má tíì sọ jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò.

ÌBÉÈRÈ

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta. Skimmer mi dákẹ́ dáadáa nígbà tí mo rà á, àfi bó ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe kẹ̀kẹ̀kẹ̀ láìpẹ́ yìí. Ṣé ó ti bàjẹ́ nìyẹn?

Láti Manchester

ÌDÁHÙN

Ó lè má tíì bàjẹ́. Ẹ yọ ọ́ lára iná, ẹ tú páǹpù, ẹ fa needle wheel jáde pẹ̀lú òòfà ẹ̀. Ẹ máa rí nǹkan funfun tó le lára òòfà àti inú ihò tó ń yí sí, kalisíọ̀mù ni, ó ti mú kí àyè há. Ẹ rì gbogbo ẹ̀ sínú fínígà funfun tí ẹ ti fi omi là, ó kéré tán ìdajì wákàtí, tó bá ti pẹ́ tẹ́ ẹ ti fọ̀ ọ́ kẹ́yìn kó sùn síbẹ̀ mọ́jú, lẹ́yìn náà ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó rọ̀ fọ̀ ọ́, ẹ fi omi ṣan án dáadáa. Ẹ wò ó fínnífínní, ìgbín kékeré inú táǹkì máa ń rìn wọ inú páǹpù, ọ̀kan péré tó ìró kẹ̀kẹ̀kẹ̀ yẹn ṣe. Ẹ wo ọ̀pá tín-ín-rín àárín ẹ̀ náà, ọ̀pọ̀ ìgbà seramíìkì ni, kò gba kó já bọ́, bó bá sán ẹ pààrọ̀ ẹ̀. Àwọn rọ́bà kékeré tó dì í mú lókè nísàlẹ̀ ńkọ́? Wọ́n máa ń gbó, wọ́n sì máa ń sọnù sínú síǹkì, ẹ fi nǹkan dí ihò síǹkì.

Ẹ fi omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ tí ò ní iyọ̀ ṣan inú rọ́bà afẹ́fẹ́ pẹ̀lú, iyọ̀ máa ń gbẹ mọ́ ẹnu ibi tó ti wọ páǹpù, ìyẹn máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ máa já kó tún máa wá, ohùn ẹ̀ á sì máa lọ sókè sódò. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù méjì sí mẹ́ta ló yẹ kẹ́ ẹ máa ṣe é, ọrùn àti ife lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Tẹ́ ẹ bá dá a padà, ìfófó lè má jáde fún ọjọ́ kan tàbí méjì, tàbí kó ya jù, ẹ dín ìwọ̀n omi ẹ̀ kù títí á fi balẹ̀, ẹ má fi ọwọ́ tẹ́ ẹ fi pa ìpara kàn án torí ọ̀rá máa ń pa ìfófó.

Tó bá ṣì ń ṣe kẹ̀kẹ̀kẹ̀ lẹ́yìn gbogbo ìyẹn, needle wheel ti gbó. Nọ́ńbà tó wà lára páǹpù ni kẹ́ ẹ fi béèrè òmíì lọ́wọ́ olùtajà, kì í ṣe èyí tó wà lára skimmer, torí ilé iṣẹ́ kan lè yí páǹpù padà nínú skimmer tó ń jẹ́ orúkọ kan náà, tẹ́ ẹ bá ra ti ọdún míì kò ní wọlé.